Oko ni, kì í ṣe ọkọ̀: ìrírí mi nídìí bíbi olùjẹ́jọ́ ní ìbéèrè nínú ẹjọ́ ìpànìyàn

Ọ̀sẹ̀ méje, ìrìn àjò mẹ́rin, àti owó àpò ara mi tí ẹnikẹ́ni kò tíì dá padà di òní. Ohun tí ọ̀rọ̀ onílẹ́tà mẹ́ta kan gbà lọ́wọ́ mi nìyẹn. Bí ọlọ́pàá tó kọ ọ̀rọ̀ náà bá ti fi àmì sí i, tàbí tí ẹni tó túmọ̀ rẹ̀ bá ti béèrè kó tó túmọ̀, iṣẹ́ tí mo fi ọjọ́ méjì ṣe níwájú adájọ́ kò bá má ju wákàtí kan lọ. Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Mo fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ agbẹjọ́rò tó ń bọ̀ lẹ́yìn wa rí i kà, kí ojú wọn má baà rí ohun tí ojú mi rí.

Agbẹjọ́rò ìjọba ni mí. N kò ní dárúkọ ìlú, n kò sì ní dárúkọ ènìyàn, torí pé àwọn tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Àgbẹ̀ kòkó kan ni wọ́n bá òkú rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú oko rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tó máa ń sá kòkó sí, ojú àdá wà lórí rẹ̀, ó wà lọ́rùn rẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí oko tiwọn jọ pààlà ni ọlọ́pàá mú. Ìjà ààlà ti wà láàárín àwọn méjèèjì fún bí ọdún méjì. Wọ́n rí ẹ̀jẹ̀ lára ṣòkòtò rẹ̀, ó ní ẹ̀jẹ̀ ẹran ìgbẹ́ ni, kò sì sẹ́ni tó gbé ṣòkòtò náà lọ fún àyẹ̀wò títí ó fi di nǹkan tí kò ṣe é yẹ̀ wò mọ́. Adẹ́mu kan rí i lójú ọ̀nà oko ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n ọ̀nà yẹn ni gbogbo àgbẹ̀ àdúgbò náà ń gbà. Kò sẹ́ni tó rí i pé ó gbé àdá sókè. Gbogbo ẹjọ́ wá dá lórí ìbéèrè kan: níbo ni ọkùnrin yìí wà ní aago méje alẹ́?

Ẹlòmíràn ló bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ náà kí wọ́n tó gbé e lọ sí ẹ̀ka mìíràn. Nígbà tí fáìlì fi dé ọwọ́ mi, àwọn ẹlẹ́rìí tiwa ti jẹ́rìí tán, ó ku kí olùjẹ́jọ́ wí tẹnu rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó sọ ní àgọ́ ọlọ́pàá ti wà níwájú adájọ́ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀síbíìtì, ìyẹn ohun ẹ̀rí tí ilé ẹjọ́ ti gbà wọlé, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀. Ohun tí Gẹ̀ẹ́sì yẹn wí ni pé òun wà nínú ọkọ̀ olóògbé títí di aago méje alẹ́, pé àwọn jẹ iṣu sísun, pé lẹ́yìn náà òun gun alùpùpù òun lọ sílé. Agbẹjọ́rò rẹ̀ kò tako ìwé náà rárá lọ́jọ́ tí wọ́n fi í sílẹ̀. Mo mọ ìdí rẹ̀ nígbà tó yá.

Kò sẹ́ni tó lè fipá mú olùjẹ́jọ́ jẹ́rìí ní orílẹ̀-èdè yìí. Abala 36(11) ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 ti sọ bẹ́ẹ̀. Ó lè dákẹ́, kó ní kí ìjọba lọ fi ìdí ẹjọ́ rẹ̀ múlẹ̀. Ó lè dúró sínú àpótí olùjẹ́jọ́ kó sọ tirẹ̀ láìbúra, ẹnikẹ́ni kò sì ní bi í ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n tó bá ti bọ́ sínú àpótí ẹlẹ́rìí tó sì búra, ó ti ṣílẹ̀kùn fún wa nìyẹn. Abala 223 Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011 fún wa láyè láti bi í ní ohunkóhun tó lè dán òótọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ wò.

Ó búra. Ó sì gbé ìtàn kan kalẹ̀ tó bá Gẹ̀ẹ́sì inú ẹ̀síbíìtì mu rẹ́gí. Ó ní gáréèjì ìlú ni òun àti olóògbé ti pàdé, pé inú ọkọ̀ rẹ̀ ni àwọn jókòó sí títí di aago méje, pé òun gun alùpùpù òun lọ sílé, òun kò sì mọ ẹni tó bá a lọ sóko lẹ́yìn náà. Ó ní òun kò tẹ ilẹ̀ oko olóògbé láti ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ọjọ́ náà. Mo wo agbẹjọ́rò rẹ̀, ó rọra tẹjú mọ́ ìwé. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé wọ́n ti ka ẹ̀síbíìtì wa dáadáa, wọ́n sì ti kọ́ ilé lé e lórí.

Mo ti fura. Mo ti ka ẹ̀rí ìyàwó olóògbé, ó sì wà níbẹ̀ kedere pé alùpùpù ni ọkọ òun ń gùn lọ sóko, àwọn kò ní mọ́tò. Agbẹjọ́rò olùjẹ́jọ́ kò bi obìnrin náà ní ìbéèrè kan lórí ìyẹn. Mo tún rò ó pé, iṣu sísun nínú mọ́tò ní gáréèjì? Ó jọ ọ̀rọ̀ oko létí mi. Ọmọ àgbẹ̀ ni mí, mo mọ ibi tí wọ́n ti ń sun iṣu.

N kò ní sọ bí a ṣe ń ka fáìlì àti bí a ṣe ń to ìbéèrè, gbogbo lọ́yà ló mọ ìyẹn. Ohun tí kò sẹ́ni tó kọ́ mi ni ti ògbufọ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni èdè ilé ẹjọ́ gíga, ṣùgbọ́n Yorùbá ni olùjẹ́jọ́ gbọ́, abala 36(6) sì fún un ní ẹ̀tọ́ sí ògbufọ̀ láìsan kọ́bọ̀. Ẹ wá wò ó: adájọ́ ọmọ Yorùbá, ògbufọ̀ ọmọ Yorùbá, agbẹjọ́rò rẹ̀ ọmọ Ìjẹ̀bú, èmi ọmọ Èkìtì. Síbẹ̀, èmi á béèrè ní Gẹ̀ẹ́sì, ògbufọ̀ á yí i sí Yorùbá, olùjẹ́jọ́ á dáhùn, ògbufọ̀ á dá a padà sí Gẹ̀ẹ́sì, adájọ́ á wá fọwọ́ kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀. Ọkùnrin náà sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ń gbọ́ ìbéèrè mi, kó tó di ẹ̀ẹ̀kejì ó ti mọ ohun tó máa wí.

Èyí tó tún burú jù ni ti "bẹ́ẹ̀ ni". Mo sọ fún un pé kò lọ sí gáréèjì lọ́jọ́ náà. Ògbufọ̀ ní, "Ẹ ò lọ sí gáréèjì lọ́jọ́ yẹn?" Ká ní ó fẹ́ gbà pẹ̀lú mi ni, "bẹ́ẹ̀ ni" ló máa sọ, ìyẹn ni pé òótọ́ ni, n kò lọ. Ní Gẹ̀ẹ́sì, ìdáhùn kan náà á di pé ó lọ. Ẹni tó bá ń ka ìwé ẹjọ́ náà ní ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn kò ní mọ èwo ni. Láti ọjọ́ náà ni mo ti pinnu pé n kò tún ní fi "kò" àti "ò" bi ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè nípasẹ̀ ògbufọ̀. Gbólóhùn kúkúrú, ohun kan ṣoṣo nínú rẹ̀, kí ìdáhùn rẹ̀ má lójú méjì.

Ọjọ́ kìíní ìbéèrè mi ni mo fẹ́ sọ báyìí, ó sì ń dùn mí títí di ìsinsìnyí. Mo yára. Mo ní lọ́wọ́ mi pé olóògbé kò ní mọ́tò, mo sì jù ú lù ú lójú ẹsẹ̀. Kò wojú mi, adájọ́ ló dojú kọ, ó ní, "Olúwa mi, ọkọ̀ tó yá lọ́wọ́ ẹnìkan ni." Ẹni náà dà? Kò mọ orúkọ rẹ̀. N kò kọ́kọ́ há a mọ́ ibi kan kí n tó béèrè. N kò bi í pé ọkọ̀ ta ni, n kò bi í pé báwo ló ṣe mọ̀ pé ti olóògbé ni. Ká ní mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ ní ìgbà mẹ́ta pé ti olóògbé fúnra rẹ̀ ni, kò bá má rí ibi tí yóò gbà jáde.

Dípò kí n jókòó, mo tún béèrè èyí tó burú jù. Mo ní, ṣé inú mọ́tò ni ẹ ti sun iṣu? Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní, "Obìnrin kan ló ń sun iṣu tà lẹ́bàá gáréèjì, ọwọ́ rẹ̀ la ti rà á." Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi ṣí ilẹ̀kùn yẹn fún un. Mo gbọ́ bí bírò adájọ́ ṣe ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Ara mi ti gbóná nígbà náà. Mo sọ fún un pé ohun tó sọ fún ọlọ́pàá ní Yorùbá ni pé oko ni òun wà, kì í ṣe ọkọ̀. Agbẹjọ́rò rẹ̀ dìde kí n tó parí ọ̀rọ̀. Ó ní níbo ni ìwé Yorùbá náà wà? Òótọ́ ló sọ. Abala 232 Òfin Ẹ̀rí ní ká lè bi ẹlẹ́rìí ní ìbéèrè lórí ohun tó ti wà ní kíkọ, ṣùgbọ́n tí a bá fẹ́ fi ìwé náà ta kò ó, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tọ́ka sí ibi tí a fẹ́ lò nínú rẹ̀ gan-an. Kí ni mo fẹ́ tọ́ka sí? Ìwé náà kò sí lọ́wọ́ mi. Adájọ́ fúnra rẹ̀ gbọ́ Yorùbá ju èmi lọ, ṣùgbọ́n kò lè sọ ara rẹ̀ di ògbufọ̀ lórí àga ìdájọ́. Ó ní kí n lọ wá ojúlówó ìwé náà, ó sì sún ẹjọ́ síwájú ní ọ̀sẹ̀ méje.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀sẹ̀ méje yẹn ṣe rí.

Àgọ́ ọlọ́pàá tí wọ́n ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ lọ. Wọ́n ní fáìlì ti lọ sí olú ilé iṣẹ́ wọn. Mo kọ lẹ́tà síbẹ̀, kò sí èsì. Mo gbéra lọ, ọ̀gá tó yẹ kí n bá ti lọ sí ìpàdé. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì láti aago mẹ́sàn-án àárọ̀ di aago mẹ́ta ọ̀sán. Nígbà tó dé, ó ṣe dáadáa sí mi, ó ní, "Lọ́yà wa, ẹ jọ̀ọ́ ẹ padà wá ní ọjọ́ Ẹtì." Mo padà wá ní ọjọ́ Ẹtì.

Yàrá tí wọ́n ń kó fáìlì àtijọ́ sí, mi ò lè gbàgbé rẹ̀. Inú àpò sìmẹ́ńtì ni ìwé wà, àpò lórí àpò, òjò sì ti ń jò sórí àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ẹjọ́ àwọn ènìyàn tí wọ́n lè kú sí i tàbí kí wọ́n là níbẹ̀, ikán ti ń jẹ ẹ́. Èmi àti ọlọ́pàá ọ̀dọ́ kan la jọ tú àpò méjìdínlógún. Nínú àpò kejìdínlógún la ti rí i. Ìwé olójú ewé kan ni, ó ti pọ́n létí, bírò aláwọ̀ búlúù, ọwọ́ ẹni tó kọ ọ́ sì gún bí ọwọ́ tíṣà. Mo kà á lórí ìdúró:

"Mo wa ninu oko re titi di ago meje ale. A wa isu ninu ebe a sun je. Leyin na mo gun alupupu mi lo sile."

Kò sí àmì kan lórí rẹ̀. Kò sí àmì ìsàlẹ̀, kò sí àmì òkè. "Oko" yìí lè jẹ́ oko, ó lè jẹ́ ọkọ̀, ó lè jẹ́ ọkọ́ tí a fi ń kọ ebè, ó lè jẹ́ ọkọ ìyàwó. "Wa" tó tẹ̀ lé e lè jẹ́ wa tàbí wá. Ṣùgbọ́n mo rí ohun kan tó mú kí n di ògiri mú. Ẹni tó túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì ti fo ìdajì gbólóhùn kejì. "A wa isu ninu ebe" kò sí nínú Gẹ̀ẹ́sì rárá. Ó kàn kọ ọ́ pé wọ́n jẹ iṣu sísun. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọmọ ìgboro tí kò mọ ohun tó ń jẹ́ ebè, kó sì fò ó. Gbogbo ẹjọ́ wà nínú ohun tó fò yẹn.

Ẹ má rò pé wàhálà parí síbẹ̀. Mo ní láti gba ẹ̀dà tí wọ́n fi òǹtẹ̀ ẹ̀rí sí, torí ojúlówó ìwé kì í kúrò lọ́wọ́ wọn. Abala 104 Òfin Ẹ̀rí sọ bó ṣe gbọ́dọ̀ rí: kí a san owó tí òfin là sílẹ̀, kí ẹni tí ìwé wà níkàáwọ́ rẹ̀ kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pé ẹ̀dà tòótọ́ ni, kó kọ ọjọ́, kó kọ orúkọ rẹ̀ àti ipò rẹ̀, kó fọwọ́ sí i. Ohun tí wọ́n fún mi ni fótókọ́pì tó ní òǹtẹ̀ pupa ràgàjì kan àti ọwọ́ tí a kò mọ ti ẹni tó jẹ́. Kò sí orúkọ, kò sí ipò, kò sí rísíìtì. Mo ní kí wọ́n tún un ṣe. Wọ́n ní òǹtẹ̀ náà tó. Mo ní kò tó. Wọ́n ní gbogbo lọ́yà ló ń gbà á bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà jíjìn, mọ́tò wíwọ̀ láti àfẹ̀mọ́júmọ́, mo padà lọ sílé lọ́wọ́ òfìfo. Mo tún lọ nígbà kẹrin kí n tó rí ìwé tí mo lè gbé síwájú adájọ́ láìbẹ̀rù. Owó mọ́tò, owó oúnjẹ, owó fótókọ́pì, owó hòtẹ́ẹ̀lì alẹ́ kan, gbogbo rẹ̀ ni mo kọ ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì tiwa. Wọ́n ní kò sí nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì.

Láàárín àkókò yẹn ni mo tún wá ọlọ́pàá tó kọ ìwé náà rí. Ó ti fẹ̀yìn tì, ó ti lọ ń dáko ní abúlé bàbá rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ kí i, ó ní kí n jókòó, ó bu omi fún mi kó tó béèrè ohun tí mo bá wá. Mo fi ẹ̀dà náà hàn án. Kò tilẹ̀ rò ó.

"Oko ni, ọmọ mi. Èmi ni mo kọ ọ́. Ta ló gbé mọ́tò wá síbẹ̀?"

"Bàbá, èéṣe tí ẹ ò fi àmì sí i?"

"Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá á mọ̀ ọ́n kà."

Mi ò mọ ohun tí mo lè fi dá bàbá lóhùn. Ènìyàn rere ni, ó sì kọ ohun tó gbọ́ gẹ́lẹ́, èyí tí ọ̀pọ̀ ọlọ́pàá kì í ṣe. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá kò kà á bẹ́ẹ̀. Bàbá ní òun á bá mi lọ sílé ẹjọ́ nígbàkigbà. Ṣùgbọ́n a ti pa ẹjọ́ tiwa dé, ká tó lè tún pe ẹlẹ́rìí, a gbọ́dọ̀ tọrọ àyè lọ́wọ́ adájọ́, ìyẹn sì lè tún sún wa sí oṣù mìíràn. Mo pinnu pé ẹnu olùjẹ́jọ́ fúnra rẹ̀ ni ìwé náà máa gbà wọlé. Mo fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí agbẹjọ́rò rẹ̀ ṣáájú ọjọ́ ìgbẹ́jọ́. Ọ̀gá mi kan ní kí ni mo ń fi ohun ìjà mi hàn wọ́n sí. Ẹjọ́ ikú ni. Bó bá jẹ́ pé ọkọ̀ ló sọ lóòótọ́, ó yẹ kí wọ́n rí i kí wọ́n lè sọ bẹ́ẹ̀, torí èmi náà kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kú nítorí àmì tí ẹlòmíràn gbàgbé.

Ọjọ́ pé. Bàbá jókòó sábẹ́ igi níta ilé ẹjọ́, nítorí ọjọ́ kò dọ́gba. Èmi dìde. Lọ́tẹ̀ yìí, n kò yára. Mo ti ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan kí n tó dé èyí tó kàn.

Ṣé ẹ mọ Yorùbá kà? Ó mọ̀ ọ́n kà, Bíbélì Yorùbá ló ń kà láràárọ̀. Ṣé ẹ̀yin lẹ sọ ọ̀rọ̀ inú ìwé yìí fún ọlọ́pàá? Òun ni. Ṣé ẹnìkan lù yín tàbí ó dẹ́rù bà yín? Rárá. Ṣé wọ́n kà á sí yín létí? Wọ́n kà á. Ṣé ọwọ́ yín nìyí ní ìsàlẹ̀? Ọwọ́ òun ni. Agbẹjọ́rò rẹ̀ dìde, ó ní ẹ̀síbíìtì ti wà lórí ọ̀rọ̀ kan náà, kí ni a tún ń wá? Mo fèsì pé ìtumọ̀ ni ìyẹn, pé ohun tí ọkùnrin náà fi ẹnu ara rẹ̀ sọ nìyí, pé kò sì jẹ́wọ́ ìpànìyàn níbẹ̀ tí a fi máa ṣẹjọ́ lórí bóyá wọ́n fipá gbà á. Adájọ́ gbà á wọlé, ó fún un ní nọ́ńbà.

Mo mọ̀ pé wọ́n ti múra sílẹ̀ de "oko". Ọ̀sẹ̀ méje kì í ṣe eré. Bí mo bá bi í, á ní ọkọ̀ ni, á sì dúró lé e. Nítorí náà n kò dé ibẹ̀ rárá. Mo tọrọ àyè kí ó ka gbólóhùn kejì sókè fúnra rẹ̀. Èyí gan-an ni mo fẹ́ kí ẹni tó ń ka ọ̀rọ̀ mi mú dání: a lè kọ Yorùbá láìfi àmì sí i, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè fi ẹnu kà á láìfi ohùn sí i. Ẹni tó bá kà á sókè ti yan èyí tó fẹ́.

Ó gbé ìwé náà sún mọ́ ojú. Ó ní, "A wá iṣu..." Ó fi ohùn òkè sí i, bí ẹni tó ń wá nǹkan kiri. Ó ti yan. Ó tẹ̀ síwájú, "nínú..." Ó dákẹ́.

Ilé ẹjọ́ dákẹ́ pẹ̀lú rẹ̀. Ìka rẹ̀ ṣì wà lórí ọ̀rọ̀ náà. Àwọn àgbẹ̀ bíi mẹ́fà jókòó lẹ́yìn, mo gbọ́ tí ọ̀kan nínú wọn fa ohùn kan nínú ọ̀fun. Ògbufọ̀ ń dúró. Adájọ́ gbé ojú sókè kúrò nínú ìwé rẹ̀, ó ní kó kà á tán.

"...nínú ebè. A sun ún jẹ."

Ògbufọ̀ túmọ̀ rẹ̀, ó sì ní láti ṣàlàyé ebè fún àkọsílẹ̀: òkìtì ilẹ̀ tí a ń gbin iṣu sí. Mo ní kí akọ̀wé ka ìdáhùn tí olùjẹ́jọ́ fún mi ní ọ̀sẹ̀ méje sẹ́yìn nípa obìnrin tó ń sun iṣu tà lẹ́bàá gáréèjì. Wọ́n kà á. Mo bi í bóyá òun ló sọ ìyẹn. Ó ní òun ni. Mo bi í bóyá òun ló sọ èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kà. Ó ní òun ni, ohùn rẹ̀ sì ti lọ sílẹ̀ débi pé adájọ́ ní kó tún un sọ.

Ìbéèrè kan dé ètè mi. Mo fẹ́ bi í pé ebè mélòó ló wà ní gáréèjì ìlú yẹn. Gbogbo ara mi fẹ́ béèrè rẹ̀. Mo rántí obìnrin oníṣu sísun, mo gbé e mì. Bí mo bá fún un láyè, á ní ẹnìkan gbin iṣu sí ẹ̀yìn gáréèjì. Mo wo bírò adájọ́ títí ó fi dúró, mo wá dúpẹ́, mo jókòó. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà, n kò ní purọ́. Agbẹjọ́rò rẹ̀ ní òun kò ní ìbéèrè àtúnbi, ìyẹn èyí tí òun lè fi tún ọ̀rọ̀ oníbàárà òun ṣe.

Ohun mìíràn wà tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi bá iṣẹ́ ara mi jẹ́. Nínú fáìlì, ó wà níbẹ̀ pé wọ́n ti fi ẹ̀sùn kan ọkùnrin yìí rí pé ó ṣá ẹnìkan ládàá, ọdún bíi mẹ́jọ ṣáájú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ohun tó rọrùn jù láti fi ba ẹlẹ́rìí jẹ́ nìyẹn. Olùjẹ́jọ́ yàtọ̀ sí ẹlẹ́rìí yòókù. Abala 180 Òfin Ẹ̀rí kò jẹ́ ká bi í nípa ẹ̀sùn mìíràn tàbí ìwà búburú rẹ̀, àyàfi ní àwọn ìgbà díẹ̀, bí àpẹẹrẹ bí òun fúnra rẹ̀ bá gbé ìwà rere rẹ̀ síwájú, tàbí bí ó bá jẹ́rìí ta ko ẹni tí wọ́n jọ fẹ̀sùn kàn, tàbí bí ọ̀ràn yẹn bá jẹ́ ẹ̀rí tí òfin gbà fún èyí tó wà nílẹ̀. Ó ti sọ níbì kan pé òun kì í ṣe oníjà. Àwọn kan lè ní ó ti ṣílẹ̀kùn. Mo fi í sílẹ̀. N kò fẹ́ kí ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn fa gbogbo iṣẹ́ náà ya nítorí gbólóhùn kan tí n kò nílò.

Adájọ́ ní 90 ọjọ́ lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ìkẹyìn láti dá ẹjọ́, kò sì jẹ́ kó pé bẹ́ẹ̀. Ó sọ ọ́ nínú ìdájọ́ rẹ̀ pé ẹni tó bá purọ́ kò di apànìyàn nítorí irọ́, pé ìjọba ṣì gbọ́dọ̀ fi ìdí ẹjọ́ múlẹ̀ kọjá iyèméjì gẹ́gẹ́ bí abala 135 Òfin Ẹ̀rí ṣe wí. Lẹ́yìn náà ló wá to gbogbo rẹ̀: ìjà ààlà, adẹ́mu tó rí i lójú ọ̀nà, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ pé òun wà pẹ̀lú olóògbé di aago méje, àti ebè tó fi hàn pé inú oko tí wọ́n ti bá òkú ni. Ẹni tí a rí kẹ́yìn pẹ̀lú olóògbé ní àlàyé láti ṣe, àlàyé tó ṣe sì ti wó. Ó dá a lẹ́bi. Ìjìyà kan ṣoṣo ni òfin fi sílẹ̀ fún irú ẹ̀ṣẹ̀ bẹ́ẹ̀ níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́, adájọ́ sì kà á jáde. N kò yọ̀. Ìyàwó olóògbé ń sunkún ní apá ọ̀tún, ìyàwó olùjẹ́jọ́ ń sunkún ní apá òsì.

Nígbà tí a jáde, ìyàwó olóògbé dì mí lọ́wọ́ mú. Ó ní, "Àǹtí lọ́yà, iṣu tó kù tí wọ́n sun ṣì wà lórí eérú nígbà tí mo débẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà." Mo dúró. Mo ní, Màmá, ẹ ò sọ ìyẹn nígbà tí ẹ jẹ́rìí. Ó ní kò sẹ́ni tó bi òun. Òótọ́ ni, mo ti ka gbogbo ẹ̀rí rẹ̀, kò sẹ́ni tó bi í. Ká ní mo ti lọ jókòó tì í lọ́jọ́ kan ṣoṣo nígbà tí fáìlì dé ọwọ́ mi, ká sì tọrọ àyè láti tún un pè, mi ò mọ̀ bóyá mi ò bá tú àpò sìmẹ́ńtì méjìdínlógún.

Ní báyìí, tí fáìlì bá dé láti ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá fún ìmọ̀ràn òfin, ojúlówó Yorùbá ni mo kọ́kọ́ ń béèrè kí n tó wo Gẹ̀ẹ́sì. Tí kò bá sí, mo ń dá a padà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan dé tí wọ́n fi ẹ̀sùn olè tó lo ohun ìjà kan ọmọkùnrin ọdún mọ́kàndínlógún. Ohun tí olùfisùn sọ wà ní ìlà kẹta: "O gba owo mi." Mo dá a padà lọ́jọ́ yẹn gan-an. Mo fi bírò pupa kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: ó gba owó mi, àbí ó gbá ọwọ́ mi?